Kí ló dé tí iye owó ọkọ̀ tuntun kan náà fi yàtọ̀ ní orílẹ̀-èdè méjì tó jọ pààlà?

Arìnnà béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí i yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà gùdù lọ́kàn mi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì gbà pé àwọn tí ó yé wà láàárín yín.

Láti ọdún 2000 ni afárá Öresund ti so ìlú Copenhagen ní Dẹ́ńmáàkì mọ́ ìlú Malmö ní Swídìn. Bí a bá yọ ọ̀nà abẹ́ omi tí wọ́n so mọ́ ọn kúrò, afárá náà fúnra rẹ̀ kò tó kìlómítà mẹ́jọ, àwọn ènìyàn sì wà tí wọ́n ń sùn ní apá kan tí wọ́n sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní apá kejì. Inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni orílẹ̀-èdè méjèèjì wà, nítorí náà kò sí owó ẹnubodè kankan láàárín wọn. Owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìhín, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ọ̀hún. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun kan tó ń lo bẹntiróòlù, tó tóbi díẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yàtọ̀, tó sì fi ìwé iye owó ti Dẹ́ńmáàkì wé ti Swídìn, yóò rí i pé iye tí ará Copenhagen máa san lè súnmọ́ ìlọ́po méjì ohun tí ará Malmö máa san.

Ohun tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ ni pé owó ìkẹ́rù ló ń fa ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwòrán ilẹ̀, mo rí i pé ọkọ̀ tí wọ́n bá kó láti Jámánì lọ sí Malmö lè gba inú Dẹ́ńmáàkì kọjá kó tó débẹ̀. Ibi tó sún mọ́ ilé-iṣẹ́ ló wá wọ́n ju ibi tó jìnnà lọ! Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé èrò mi kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìjọba nìkan ló ń fa ìyàtọ̀ yìí, àbí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ àti àwọn tó ń tà á wà nínú rẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ọjà pọ́ọ́kú wà lódìkejì afárá, kí ló ń dá oníbàárà dúró tí kò fi sọdá lọ rà á?

Akọ̀wé Owó-orí dáhùn:

Arìnnà, ẹ kú ìwádìí. Ẹ ti rí ìdajì ìdáhùn náà fúnra yín nígbà tí ẹ yọ owó ẹnubodè àti VAT kúrò. Ohun tó kù ni owó orí ìforúkọsílẹ̀, ìyẹn owó tí ìjọba ń gbà kó tó gbà kí ọkọ̀ gba nọ́ńbà.

Ní Dẹ́ńmáàkì, wọn kò gba owó yìí bí ìdá kan ṣoṣo. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti pín iye ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n ń gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìpín àkọ́kọ́, ìdá 85 lórí ìpín àárín, àti ìdá 150 lórí gbogbo ohun tó bá kọjá ìyẹn. Ìdá 150 túmọ̀ sí pé krone kan, ìyẹn owó Dẹ́ńmáàkì, ń fa krone kan àti ààbọ̀ mìíràn lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èyí ni ó pọ̀ jù nínú ìtàn wọn, nítorí pé títí di òpin ọdún 2015, ìdá 180 ni ìpín òkè ń san. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kíyè sí ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi VAT kún iye ọkọ̀ ni wọ́n tó ń ṣírò owó ìforúkọsílẹ̀ yìí, tó fi jẹ́ pé owó orí ń bí owó orí. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kékeré kò fi fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, tí ọkọ̀ ńlá sì ń gbówó lórí bíi pé ó mu ún nínú omi.

Swídìn kò gba irú owó yìí nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe láti oṣù keje ọdún 2018 ni pé wọ́n fi kún owó orí ọdọọdún ti ọkọ̀ tuntun tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀, fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Owó yẹn kò sí nínú iye tí ẹ rí nínú ìwé oníṣòwò, ẹ óò bá a pàdé lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti wà nílé yín. Nítorí náà, apá kan nínú ìyàtọ̀ tí ẹ rí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbà tí ìjọba yàn láti na ọwọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tó gbà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ààlà Swídìn kejì hàn yín, ìyẹn Nọ́wè, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lọ. Nọ́wè ń gba owó àgbàlẹ́ẹ̀kan lórí ọkọ̀ tuntun, wọ́n sì ń wo bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó àti bí èéfín rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ bẹntiróòlù ńlá ń rí ìyà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 ni wọ́n ti yọ VAT kúrò lórí ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, àfi pé ní ọdún 2023 wọ́n dín àyọ̀ǹda náà kù sí 500,000 krone tiwọn àkọ́kọ́ nínú iye ọkọ̀. Ní ọdún 2024, ọkọ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tàbí kó dín díẹ̀, tí wọ́n tà ní tuntun níbẹ̀ jẹ́ oníná. Ààlà kan náà ni o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọkọ̀ epo, ẹ óò sọ pé Nọ́wè wọ́n. Bí ẹ bá ń wá ọkọ̀ oníná, ẹ óò máa ṣe ìlara àwọn ará ibẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, ẹ wo Singapọ̀ àti Màléṣíà. Ọ̀nà orí omi tó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí kìlómítà kan lọ. Láti ọdún 1990 ni Singapọ̀ ti ń ta ìwé ẹ̀tọ́ láti ní ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, gbàǹjo ni wọ́n sì fi ń tà á. Ní ọdún 2023, ìwé yẹn nìkan kọjá 100,000 dọ́là Singapọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ń gòkè dé ìdá 320 lórí ọkọ̀ olówó ńlá.

Kí ìjọba tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọkọ̀, ó ní ohun tó ń rò. Singapọ̀ kéré, kò ní ilẹ̀ tó lè fi ṣe títì fún gbogbo ènìyàn. Màléṣíà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Proton, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, nítorí náà ọkọ̀ tó ń ti ìta wọlé ni wọ́n ń fi owó orí dí lọ́nà. Dẹ́ńmáàkì kò ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan, èrò tèmi sì ni pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún wọn, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò pariwo pé wọ́n ń ba iṣẹ́ òun jẹ́.

Àgbà Alágbàtà dáhùn:

Ohun tí Akọ̀wé sọ dára, n kò sì ní àríyànjiyàn kankan pẹ̀lú àwọn iye tó kà sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní ọ́fíìsì ibi tí àwọn tó ń kó ọkọ̀ wọlé ti ń fi iye lé ọkọ̀, mo sì fẹ́ kí Arìnnà mọ̀ pé bí a bá bọ́ gbogbo owó orí kúrò lára ọkọ̀ méjèèjì, tí wọ́n dúró ní ìhòòhò, iye wọn kò ní dọ́gba síbẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù máa ń tẹ ìròyìn kan jáde tó ń fi iye ọkọ̀ tuntun wé ara wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, pẹ̀lú owó orí àti láìsí owó orí. Ohun tó máa ń ya àwọn tó bá kọ́kọ́ kà á lẹ́nu ni pé Dẹ́ńmáàkì, tó wọ́n bí ojú lójú oníbàárà, sábà máa ń wà lára àwọn ibi tí ọkọ̀ ti pọ́ jù lọ bí a bá yọ owó orí kúrò. Fínlándì àti Gíríìsì náà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìjọba ti ń gba púpọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń gba díẹ̀.

Kì í ṣe àánú ló ń ṣe ilé-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mo fẹ́ fi 1,000 krone kún iye tí mo ń ta ọkọ̀ ńlá kan. Ní Swídìn, VAT yóò gun orí rẹ̀, oníbàárà yóò sì rí 1,250. Ní Dẹ́ńmáàkì, VAT yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di 1,250, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún yóò tún gun orí ìyẹn, oníbàárà yóò sì rí 3,125. Krone kan náà ló wọ àpò mi níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ibi kan oníbàárà yóò rọ́jú, ní ibi kejì yóò yí ẹ̀yìn padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí a jọ ń bá ara wa dù ú. Ẹ wá yí i padà: bí mo bá yọ 1,000 kúrò, iye ojú ìwé yóò fò sísàlẹ̀ ní 3,125. Ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ní irú ibẹ̀, ẹ̀dínwó kékeré láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ń di ẹ̀dínwó ńlá lójú ẹni tó ń rà á, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n, nítorí náà gbogbo wa ni a fi ń já iye ara wa lulẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá jókòó láti fi iye lé ọkọ̀, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ná wa láti ṣe é. Ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: kí ni àwọn tí a jọ wà lọ́jà ń tà á, eélòó ni ará ibẹ̀ lè rọ́jú san, báwo ni wọ́n sì ṣe fẹ́ràn àmì wa tó? Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn nílé rẹ̀ kì í kánjú dín iye kù nílé. Ibi tó ti jẹ́ àlejò ni yóò ti máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi kọ iye tó yàtọ̀ fún àwọn oníbàárà tí kò ju odò kan lọ láàárín wọn, láìsí ìdí mìíràn ju pé àwọn kan lè san án, àwọn kejì kò sì ní san án.

Owó ìkẹ́rù tí Arìnnà dárúkọ kò já mọ́ nǹkan púpọ̀ nínú èyí. Bí ó bá ti jẹ́ orílẹ̀-èdè tó pààlà ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ohun tí a ń fi ṣe ẹ̀dínwó ní ìparí oṣù tí ọjà kò bá yá.

Arìnnà fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n Àgbà Alágbàtà ti tún mú kí ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Bí ọkọ̀ tí a kò tíì gba owó orí lé lórí bá pọ́ ní Dẹ́ńmáàkì, ará Jámánì tó ń gbé lẹ́bàá ààlà lè wọ ibẹ̀, kó rà á láìsan owó ìforúkọsílẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, kó sì gbé e lọ sílé. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé iye méjèèjì kò ní padà dọ́gba ni? Bí kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé ẹnì kan ló dí ọ̀nà.

Olójú-ààlà dáhùn:

Arìnnà, ẹ fi ọwọ́ kan egbò. Ìyàtọ̀ iye kì í pẹ́ níbi tí oníbàárà bá ti lè sọdá wẹ́rẹ́. Ibi tí ó bá ti pẹ́, ògiri ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ògiri ti rẹlẹ̀. Lábẹ́ òfin VAT ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọkọ̀ tí kò tíì rìn ju 6,000 kìlómítà lọ, tàbí tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọ́n ti ń lò ó, ni wọ́n kà sí tuntun, orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ náà ń lọ ni wọ́n sì ti ń san VAT rẹ̀. Ará Jámánì tó ra ọkọ̀ ní Dẹ́ńmáàkì yóò san ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ní Jámánì, kò ní san ìdá 25 ti Dẹ́ńmáàkì, kò sì ní san owó ìforúkọsílẹ̀ wọn níwọ̀n ìgbà tí kò bá gba nọ́ńbà wọn. Ìwé ẹ̀rí ìbámu tí ilé-iṣẹ́ fi sínú ọkọ̀, èyí tó fi hàn pé ọkọ̀ náà bá òfin Yúróòpù mu, yóò tó láti fi forúkọ sílẹ̀ nílé. Òótọ́ ni pé àwọn ará Jámánì ti ń ṣe òwò yìí fún ọdún púpọ̀, àwọn oníṣòwò sì wà níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n máa ra ọkọ̀ tuntun láti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nínú Ìṣọ̀kan wá sílé.

Ará Dẹ́ńmáàkì kò lè ṣe irú rẹ̀ lódìkejì. Bí ó bá ra ọkọ̀ ní Malmö, kó tó gba nọ́ńbà nílé, owó ìforúkọsílẹ̀ ń dúró dè é. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni owó orí ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ibi tó ti rajà. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè kejì tí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Singapọ̀ tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ń gbé níbẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà Màléṣíà ní ìgboro wọn, bó ti wù kí ọ̀nà orí omi náà kúrú tó.

Ògiri kejì ni èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn mọ, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, owó líírà ti Ítálì jábọ́ kúrò nínú ètò tí wọ́n fi so owó Yúróòpù pọ̀ mọ́ra, iye rẹ̀ sì wó. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi líírà tà ní Ítálì wá di pọ́ọ́kú lójú àwọn ará Jámánì àti Ọ́stríà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù bu ìtanràn mílíọ̀nù 102 ECU lé Volkswagen, nítorí pé ó ń dí àwọn oníṣòwò Volkswagen àti Audi ní Ítálì lọ́wọ́ láti ta ọkọ̀ fún àwọn àlejò náà. ECU ni owó ìṣirò tí yúrò rọ́pò lẹ́yìn náà. Ilé ẹjọ́ dín ìtanràn náà kù sí mílíọ̀nù 90 yúrò ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà dúró.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ní ọdún 2012, àjọ tó ń rí sí ìdíje ní Swítsálándì bu ìtanràn mílíọ̀nù 156 fráǹkì lé BMW, nítorí pé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó yí ibẹ̀ ká kò jẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ tuntun fún ará Swítsálándì. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fọwọ́ sí ìtanràn náà ní ọdún 2017. Ẹ wò ó dáadáa: bí ó bá jẹ́ pé owó orí nìkan ló ń fa ìyàtọ̀, kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ kan yóò fi ṣe wàhálà láti dá oníbàárà padà lẹ́nu ọ̀nà. Èrè tó wà nínú ìyàtọ̀ náà ni wọ́n ń ṣọ́.

Ògiri kẹta kò pariwo bí èkejì. Ní Bìrìtéènì àti Áyálándì, apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí, apá òsì ni ó sì ń jókòó sí ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Yúróòpù yòókù. Ní àwọn ọdún 1990 tí àwọn ará Bìrìtéènì ń ráhùn pé ọkọ̀ tàwọn wọ́n ju ti Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì lọ, ẹni tó bá fẹ́ sọdá lọ ra tirẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè pé kí wọ́n bá òun ṣe èyí tí ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, kó sì dúró de ìgbà tí oníṣòwò bá fẹ́ dá a lóhùn. Èmi mọ ẹnì kan tó dúró fún oṣù méje, tó padà ra èyí tó wọ́n nílé nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Aṣẹ́ńjì dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ owó kún un, nítorí pé Olójú-ààlà kàn fọwọ́ bà á ni, ó sì kọjá lọ.

Ìwé iye owó ọkọ̀ ń yí padà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Iye pàṣípààrọ̀ owó ń yí padà kí ẹ tó jẹun tán. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 2015, ilé ìfowópamọ́ àgbà ti Swítsálándì ṣí ọwọ́ kúrò lára ìdiwọ̀n tó ti fi de fráǹkì mọ́ yúrò, èyí tí kò jẹ́ kí yúrò kan lọ sí ìsàlẹ̀ fráǹkì 1.20. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, fráǹkì gbé agbára sí i lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí, ọkọ̀ tó wà ní Jámánì tàbí Faransé sì di pọ́ọ́kú lójú ará Swítsálándì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé iye owó kankan. Láìpẹ́, àwọn tó ń kó ọkọ̀ wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ẹ̀dínwó nítorí yúrò. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀dínwó ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe é, kì í ṣe pé wọ́n pa iye tó wà lójú ìwé rẹ́. Ẹ̀dínwó ṣeé gbà padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, dọ́là Kánádà bá dọ́là Amẹ́ríkà dọ́gba, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti wà lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé iye owó, ọkọ̀ Kánádà ṣì wà níbi tó wà látìgbà tí dọ́là wọn kò tíì ní agbára. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ rajà ní gúúsù. Lójijì ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan sọ fún àwọn oníṣòwò wọn ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ta ọkọ̀ tuntun fún ará Kánádà, àwọn mìíràn sì kọ̀ láti bọ̀wọ̀ fún wáráńtì ọkọ̀ tó bá sọdá. Òfin Kánádà pàápàá ràn wọ́n lọ́wọ́: ọkọ̀ tuntun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná tó ń tàn lọ́sàn-án, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di dandan ní ọdún yẹn kan náà pé kó ní ohun èlò tí kì í jẹ́ kí olè tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ tí kò bá ní in kò lè wọlé. Kí ọdún náà tó parí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ dín iye kù tàbí fún àwọn ará Kánádà ní ẹ̀dínwó owó gidi, ẹ̀rí pé àyè ìdínkù ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Nípa afárá yín, Arìnnà: wọ́n so krone ti Dẹ́ńmáàkì mọ́ yúrò, ṣùgbọ́n krona ti Swídìn ń léfòó fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lè ti yí padà lónìí, kódà bí kò bá sí ìjọba tó fọwọ́ kan òfin rẹ̀.

Àgbà Alágbàtà tún dáhùn:

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ fi kún un. Kí Arìnnà tó gba iye méjì gbọ́, kó tẹ́ ìwé ohun èlò méjèèjì sílẹ̀ kó kà wọ́n ní ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọkọ̀ ọ̀hún sì ní àga tó ń gbóná fún ìgbà òtútù, kí ti ìhín má ní in. Àwa tó ń fi iye lé ọkọ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ to àwọn ohun èlò yìí yàtọ̀ síra, kí ìfiwéra lè le. Nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe, èyí ni n kò fẹ́ràn láti sọ ní gbangba.

Arìnnà fèsì:

Mo ti padà ka ìwé méjèèjì, òótọ́ ni ẹ sọ. Ti Swídìn ní àga gbígbóná àti ohun ìfàkẹ́rù, ti Dẹ́ńmáàkì kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nígbà tí mo tún bọ́ owó orí kúrò bí ẹ ṣe kọ́ mi, ti Dẹ́ńmáàkì ló wá pọ́ díẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: bí ará Copenhagen bá ti san gbogbo owó ìforúkọsílẹ̀ yẹn, tó sì kó lọ sí Malmö lẹ́yìn ọdún méjì, ṣé owó náà ti bómi lọ nìyẹn?

Akọ̀wé Owó-orí dáhùn:

Rárá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá jáde kúrò ní Dẹ́ńmáàkì pátápátá, tí wọ́n sì yọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó ni ín lè béèrè pé kí wọ́n dá apá kan nínú owó ìforúkọsílẹ̀ padà. Iye tí ọkọ̀ náà tó lójú ọjà lọ́jọ́ tó ń jáde ni wọ́n ń wò láti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á. Bí ó bá jẹ́ pé ará Malmö ló ń kó bọ̀ ní Copenhagen, wọn yóò wo ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, wọn yóò sì gba owó ìforúkọsílẹ̀ lé iye yẹn lórí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Swídìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkọ̀ yín wò kó tó jáde kúrò ní Dẹ́ńmáàkì.